Ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n Oṣù Kẹwàá: Ọjọ́ Àwọn Eléré Ni, Kì í Ṣe Ọjọ́ Ìjọba

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ó ku ọ̀sẹ̀ 48 géérégé kí Nàìjíríà gba òmìnira. Anike Agbaje-Williams ni obìnrin tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀rọ náà, Kunle Olasope sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka ìròyìn níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ yìí bá tún yí po, tí ẹnikẹ́ni bá rántí rẹ̀ rárá, orin kan náà là ń kọ: pé àwa la ṣe àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, pé Awólọ́wọ̀, aṣáájú ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, ló ṣe é fún wa. A ó kí ara wa kú oríire, ilẹ̀ ó sì ṣú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má yin Awólọ́wọ̀. Ìyìn tọ́ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe ohun tí à ń yìn yẹn ló sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ńlá. Ọjọ́ náà di ọjọ́ ńlá nítorí pé ọjọ́ náà ni àwọn eléré wa, tó ti ń fi ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù rin ìlú dé ìlú, rí ojú agbo kan tí ọ̀pọ̀ ìlú lè pé jọ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà tí à ń gbà rántí ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn eléré wọ̀nyẹn ti sọnù, díẹ̀ tó kù sì ń bàjẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọjọ́ náà ṣe wáyé, torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń pè é ní ọjọ́ òṣèlú ti rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an, Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì dìde kúrò níbẹ̀. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó dá wọn lẹ́bi fún gbogbo ayé gbọ́. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti pinnu pé àwọn gbọ́dọ̀ ní ẹnu tiwọn. Nígbà tí òfin ìlú tó jáde ní 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan, Overseas Rediffusion, kí wọ́n jọ da owó pọ̀ ṣe é. Òpó méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan lórí òkè Màpó n'Ìbàdàn, èkejì ní Abafọ̀n lẹ́bàá Ìkòròdú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ìyẹn ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ni ìdìbò àpapọ̀ tó máa pinnu ẹni tí yóò gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó.

Ẹni tó bá fi èyí wé ara wọn, tó wá ní ìpolongo ìbò ni tẹlifíṣọ̀n wà fún, kò parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kó ka àbájáde ìbò náà pẹ̀lú: nínú àga 312, 73 ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ̀ ti Awólọ́wọ̀ rí. NPC ní 134, NCNC pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ní 89. Ẹ̀rọ tuntun náà kò gbé Awólọ́wọ̀ dé ipò olórí ìjọba. Kò sì lè gbé e dé ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn olówó àtàwọn òṣìṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ náà wà nílé wọn, tí ọ̀pọ̀ àwọn olùdìbò kò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Bí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá bá jẹ́ ọjọ́ òṣèlú lásán, ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí lóṣù kejìlá ọdún kan náà. Ìtàn náà kò parí. Nígbà ìfilọ́lẹ̀, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé olùkọ́ àti adánilárayá ni òun fẹ́ kí ẹ̀rọ náà jẹ́. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tó dà bí ẹni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà sí, ló wá ga ju gbogbo ìyókù lọ.

Ti àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ńkọ́? Àwọn tó mọ ìtàn yóò rán wa létí pé àwọn Faransé kan ti dá tẹlifíṣọ̀n TELMA sílẹ̀ ní Casablanca, lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ní 1954, àti pé ilé iṣẹ́ ìjọba Faransé ti ń gbé àwòrán jáde ní Algiers láti 1956. Òótọ́ ni. TELMA kò tó ọdún méjì tó fi kógbá sílé, ti Algiers sì jẹ́ ti ìjọba amúnisìn, àwọn Faransé tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé WNTV ni àkọ́kọ́ tí ìjọba àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Íjíbítì kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di oṣù keje 1960. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti di àlàyé lórí àlàyé. Ìyìn tó bá gbọ́dọ̀ máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ káàkiri kò lágbára. Ká tilẹ̀ ní kò sí ẹni tó ṣáájú wa rárá, ìgbéraga wo ló wà nínú pé a tètè ra ẹ̀rọ tí ẹlòmíì ṣe? Ohun tí a fi sínú rẹ̀ ni tiwa.

Ohun tí a fi sínú rẹ̀ náà sì ti pẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n sì ṣe eré eégún fún un wò. Àwọn kan fi àpò bora, wọ́n ń jó, wọ́n ń yí gbiri. Ejò ńlá kan jáde látinú àpò. Níkẹyìn, eégún funfun kan yọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín aáṣáà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́jẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba òkúta. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, Clapperton náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ ọ́. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni, àwọn eléré sì ti wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ti mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n ti gbé e sójú agbo níwájú ara rẹ̀. Ìdílé àwọn ọ̀jẹ̀, àwọn eégún aláré tí à ń pè ní alárìnjó, ni iṣẹ́ yìí ti ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní 1944, orin ìjọ ló fi bo ara rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fi orin ṣíde, tó ń fi ijó kádìí, tó sì ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó mọ alárìnjó yóò mọ ibi tó ti wá.

Irú ìrìn àjò yẹn ní ààlà tirẹ̀, bó ti wù kí ẹgbẹ́ náà múra tó. Ẹgbẹ́ eré tó bá wà ní Òṣogbo lónìí kò lè wà ní Abẹ́òkúta lónìí kan náà. Ọkọ̀ a máa bàjẹ́ lọ́nà, òjò a máa da gbọ̀ngàn rú, ìlú tí wọ́n bá lọ a sì gbàgbé wọn títí di ọdún tó ń bọ̀. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ló mú ààlà yẹn kúrò. Segun Olusola, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé eré Wole Soyinka kan, My Father's Burden, jáde ní 1960. Èdè òyìnbó ni ti yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ló sì tètè gbádùn rẹ̀. Àwọn tí ọjà mọ̀ ni wọ́n wọlé tẹ̀ lé e. Duro Ladipo, tó dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1962, tó sì gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, ṣe eré Bode Wáàsinmi fún tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Èyí tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan náà tí àwọn ará Jámánì pàtẹ́wọ́ fún gẹ́gẹ́ bíi Ṣàngó padà wá sílé, ó sì ń ṣe eré abúlé tí ìyá aláṣọ òkè lè jókòó tì kó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Oyin Adejobi wá ní Kóòtù Aṣípa, níbi tí ẹjọ́ tọkọtaya, gbèsè àti ààlà ilẹ̀ ti ń dé iwájú adájọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Jimoh Aliu dé pẹ̀lú Àrélù, tí Fádèyí Olóró fi di orúkọ tí àwọn òbí fi ń dẹ́rù ba ọmọ.

Ẹni tó fi hàn jù lọ pé ohun tuntun ti dé ni Moses Olaiya, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Baba Sala. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Ade ti ta gìtá kó tó di ọba lórí ìtẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó yí sí aláwàdà, tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé e, ó ṣe ohun kan tí àwọn ará ìgbàanì kò nílò rárá: ó fi ohun èlò ṣe ojú ara rẹ̀. Ẹ rántí aago ńlá tó so kọ́ ọrùn bí ẹni so oògùn, irú aago tó yẹ kó wà lára ògiri. Ẹ rántí férémù ìwò tí kò ní gíláàsì, táì labalábá tó fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, àti ṣòkòtò tó dà bí ẹni pé ẹni méjì ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún èèyàn jókòó sí, ohùn ni ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá fi ń mọ eléré. Nínú àpótí kékeré, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, tó sì ń jò lójú bí iná bá ti lọ sílẹ̀, ohun tí ojú lè dá mọ̀ kíá ló ń borí. Aago yẹn ni gbogbo ọmọ kékeré fi mọ Baba Sala kó tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, a kò sì tíì yìn ín tó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé lórí Ṣàngó Duro Ladipo, ó sì tọ́ sí i. Ta ni yóò kọ tirẹ̀ lórí aago Baba Sala?

Ẹnìkan yóò ní: ṣé kì í ṣe fíìmù àwọn òyìnbó ló kún inú tẹlifíṣọ̀n yẹn níbẹ̀rẹ̀ ni? Òun ni. Fíìmù tí wọ́n rà láti ìlú òyìnbó kò wọ́n tó eré tí wọ́n máa fúnra wọn ṣe, ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Àwọn alárìíwísí inú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn àti ti ìsinsìnyí ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé àṣà wa ni ẹ̀rọ náà wá pa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà n'Ìbàdàn tàbí n'Ílé-Ifẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn pé kó dárúkọ ohun tó rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ àwọn amúbọn lórí ẹṣin kì í pẹ́ tán lẹ́nu wọn; ti Baba Sala, ti òṣèré Lere Paimo, ti Kóòtù Aṣípa kì í tán. Iye wákàtí tí nǹkan gbà kọ́ ló ń sọ bó ṣe wọ ọkàn èèyàn tó.

Àtakò tó le ju ìyẹn lọ ni ti Ogunde, òun ló sì jẹ́ kí n kọ ọ́ gedegbe pé ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ ìjọba. Ní 1964, Ogunde ṣe eré Yorùbá Ronú, tó fi bá àwọn olórí Ìwọ̀ Oòrùn wí lórí ìjà tó ń tú ilé Odùduwà ká. Ìjọba Akíntọ́lá, tó ń darí Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ó fi Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn, ó sì ń ṣeré níbòmíràn títí di 1966, nígbà tí ìjọba ológun Fájuyì tú òfin náà ká. Nítorí náà, láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí à ń fi ẹnu gbogbo yìn, bàbá àwọn eléré Yorùbá kò lè gbé eré rẹ̀ wọ ẹkùn tí WNTV wà. Ẹni tó bá ń ṣọdún 31 oṣù kẹwàá gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbọ́dọ̀ ṣọdún ìfòfindè yẹn mọ́ ọn, torí ìjọba kan náà ni ó ni òpó náà, tó sì ni òfin náà. Ẹni tó bá ń ṣọdún rẹ̀ fún àwọn eléré kò ní irú ìṣòro yẹn. Ogunde wà nínú rẹ̀, bí a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí a bá sì fẹ́ ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, a ó ka àwọn ayàwòrán, àwọn tó ń tan iná, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ eré tí wọ́n ń rán aṣọ lálẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe olorì lọ́sàn-án. Orúkọ tiwọn kì í wọ inú ọ̀rọ̀ ìkíni.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló pa eré orí ìtàgé: pé nígbà tí èèyàn lè jókòó sílé wo Baba Sala lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló máa fi owó wọ gbọ̀ngàn sí? Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Láàárín 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gbilẹ̀, ni ẹgbẹ́ eré alárìnkiri pọ̀ jù lọ. Nígbà tí Biodun Jeyifo fi kọ ìwé rẹ̀ lórí wọn ní 1984, wọ́n ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe ìpolówó fún wọn. Ìlú tó ti rí ojú ẹnìkan nínú àpótí a fẹ́ kó wá kó rí i ní gidi, a sì san owó. Ohun tó pa ìrìn àjò wọn ni epo tó wọ́n, ọ̀nà tó bàjẹ́, olè alẹ́ tí kò jẹ́ kí èèyàn jáde mọ́, náírà tó já wálẹ̀, àti lẹ́yìn náà, fídíò. Ọ̀pọ̀ àwọn aṣíwájú agbéléwò Yorùbá láti òpin àwọn ọdún 1980 sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré wọ̀nyẹn gan-an. Ẹ̀ka igi kan náà ni: alárìnjó, ìtàgé, tẹlifíṣọ̀n, sinimá, agbéléwò. Ojú ibi tí ẹ̀ka náà ti fẹ̀ jù ni 1959.

Wàyí o, níbo ni àwọn eré náà wà? Lọ́dún àkọ́kọ́ sí ìkejì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Bí eré bá ti tán, ó tán nìyẹn. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n, ó sì tóbi, nítorí náà wọ́n a pa ti àná rẹ́ kí wọ́n lè fi gba tòní. Nígbà tí ìjọba ológun gba gbogbo ilé iṣẹ́ náà ní 1977, tí WNTV di NTA Ìbàdàn, ilé yí padà, ọ̀gá yí padà, ẹ̀rọ tí a fi ń wo téèpù àtijọ́ sì di ohun ìgbàgbé. Ooru àti ọ̀rinrin ṣe ìyókù. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn lónìí láti rí àwòrán eré kan nínú ìwé Atọ́ka, ìwé ìròyìn aláwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ eré fi ń sọ ìtàn wọn láti òpin àwọn ọdún 1960, ju láti rí eré kan náà bó ṣe jáde nínú tẹlifíṣọ̀n lọ. Bébà ti pẹ́ ju téèpù lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn BBC náà pa téèpù wọn rẹ́ láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1970, títí kan ọ̀pọ̀ apá Doctor Who, eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, 1963. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ eré náà ń pa ọjọ́ 23 yẹn mọ́ lọ́dọọdún, wọ́n ní àkọsílẹ̀ gbogbo apá tó sọnù, wọ́n sì mọ ìlú tí wọ́n ta ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún. Ní 2013, bí eré náà ṣe fẹ́ pé àádọ́ta ọdún, tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kéde pé apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù láti ìgbà pípẹ́ ti di rírí, látinú The Enemy of the World àti The Web of Fear. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí wọn: inú yàrá ìkẹ́rù ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Philip Morris ló wá a lọ síbẹ̀. Eré àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wà lórí pẹpẹ nílẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, eruku bò ó, ó sì yè. Kí ló tún wà lórí irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀, n'Ìbàdàn, l'Ákùúrẹ́, n'Ílọrin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọn eruku rẹ̀? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwa kì í ṣe owó nìkan. Wọ́n ní ọjọ́ kan, ọjọ́ náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń sọ fún ẹni tó ń wá nǹkan pé àwọn kan wà tí wọ́n ń retí ohun tó ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà òyìnbó lèyí, kó wo ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìbí Fela Anikulapo Kuti, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní 1938. Ó kú ní 1997; lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yeni, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dá Felabration sílẹ̀. Ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn olórin ń kóra jọ sí Ìkẹjà fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ iléèwé ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn àjèjì ń wọkọ̀ òfuurufú wá. Ní oṣù kẹwàá 2012, ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbémisọ́lá di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ tí a tò kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọn kò jẹ́ kó kọjá lásán ló kó àwọn aṣọ náà jọ síbẹ̀. Fela ní ìdílé tó lágbára àti orúkọ tí ayé mọ̀, ìyẹn lohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Àwọn ẹgbẹ́ eré wa kò ní irú ẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìdí tí ọjọ́ kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ pa gbogbo wọn pọ̀ nìyẹn, kí ẹni tí kò ní ọmọ tó lè ṣe ọdún fún un rí ibi tí wọn yóò ti dárúkọ rẹ̀.

A tún lè ní pé oṣù kẹwàá ti kún, pé UNESCO ti ya ọjọ́ 27 rẹ̀ sọ́tọ̀ láti 2005 fún ìtọ́jú fọ́nrán àti àwòrán àtijọ́, àti pé àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti sọ ọjọ́ 31 di ọjọ́ Halloween, tí wọ́n ń wọ aṣọ ẹ̀rù lọ sí ilé ijó. Lójú tèmi, ohun méjèèjì ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín 27 àti 31. Ilé ìkówèésí yunifásítì tó bá fẹ́ ṣe ti UNESCO lè fi ti WNTV parí rẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, n kò bínú sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbòjú dára yá lọ́jọ́ yẹn, ẹ fún un ní ìtàn eégún aláré tó sín òyìnbó jẹ ní 1826, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ ilé alárìnjó lòun náà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni téèpù ṣì kù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ lé e lórí, torí òun ni ó lè da iṣẹ́ náà rú. NTA jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Eré inú téèpù jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ eré. Ẹgbẹ́ ti tú ká, àwọn ọmọ sì wà káàkiri. Bí a bá gbé eré síta láìbi ẹnikẹ́ni, olè ni. Bí a bá ní kí gbogbo ẹ̀tọ́ yanjú kí a tó fọwọ́ kan téèpù, téèpù yóò ti jẹrà. Ọ̀nà tó wà ni láti ya ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣàfihàn. Kí a kọ́kọ́ dà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ó má bàa kú. Lẹ́yìn náà kí a wá ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí a bá wọn ṣàdéhùn ohun tí wọn yóò gbà nígbà tí a bá fi hàn. Òfin àṣẹ lórí iṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 mọ ẹ̀tọ́ eléré, a kò bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tí Ogunde ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún ní 1971 ṣì ní àwọn àgbà tó mọ ẹni tó ṣe ipa wo nínú eré wo. Àwọn àgbà yẹn ń dín kù. Moses Olaiya lọ ní 2018, Jimoh Aliu ní 2020.

Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2029 ni WNTV yóò pé àádọ́rin ọdún. Ọjọ́rú ni yóò bọ́ sí. Bí NTA Ìbàdàn, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ àti àwọn ẹ̀ka tíátà ní yunifásítì Ìbàdàn àti Ifẹ̀ bá fẹ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí láti ṣe àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo: orúkọ gbogbo eré tó jáde níbẹ̀ láti 1959 sí 1977, orúkọ ẹgbẹ́ tó ṣe é, èwo ló ṣì wà, èwo ni a kò rí. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sí gbangba, kí ẹni tí bàbá rẹ̀ ní téèpù nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ̀ pé a ń wá a. Lọ́jọ́ náà gan-an, dípò ọ̀rọ̀ ìkíni, kí wọ́n pa gbogbo ètò òwúrọ̀ tì, kí wọ́n fi eré kan hàn bó ṣe rí, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe é, láti orí ọ̀gá títí dé ẹni tó ń lu ìyáàlù lẹ́yìn aṣọ.